Orúkọ Sọ́fítíwíà Kọ́ ni Yóò San Owó Arúgbó

Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ di aṣèṣirò ewu, ẹni tí àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ń pè ní actuary, kò ní pẹ́ rí i pé orúkọ sọ́fítíwíà ló máa ń ṣáájú nínú ọ̀pọ̀ ìkéde iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò ẹ̀mí kan ní London yóò ní ẹni tó ti lo Prophet fún ọdún 3 ni àwọn ń wá. Òmíràn ní Toronto yóò ní AXIS ni tàwọn. Ẹ̀kẹta yóò dárúkọ RiskAgility. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò tó béèrè ìdánwò mélòó ni ẹni náà ti yege, àti bóyá ó lè ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ ìṣirò. Ọ̀dọ́ náà, tó ti fi ọ̀pọ̀ òru jókòó ti ìwé ní Akọka tàbí ní Ìbàdàn, yóò wá máa bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ohun tí òun ń kọ́ ni ọjà ń rà.

Ìbéèrè náà tọ́. Prophet kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè rà ní Computer Village ní Ìkẹjà kí ó sì gbé e sórí kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ló ń gba àṣẹ láti lò ó, owó ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n sì fi ń díye lé e. Ẹni tí kò tíì ríṣẹ́ kò lè fọwọ́ kàn án. Ẹni tí kò sì tíì fọwọ́ kàn án, ìkéde ní kó má wulẹ̀ kọ̀wé wá. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, bí àwọn ọ̀dọ́ kan bá ṣetán láti yáwó san fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣèlérí pé òun yóò kọ́ wọn ní Prophet láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n ṣáà lè rí orúkọ yẹn kọ sínú ìwé ìtàn-iṣẹ́ wọn.

Ì bá sàn kí wọ́n tọ́jú owó náà. Ìrírí sọ́fítíwíà ń ṣílẹ̀kùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ìta ni. Àwọn yàrá inú ilé, níbi tí wọ́n ti ń pinnu iye tí ilé-iṣẹ́ yóò fi pamọ́ de òkú ọ̀la àti arúgbó ọ̀la, kọ́kọ́rọ́ mìíràn ni wọ́n fi ń ṣí wọn. Ní Nàìjíríà pàápàá, ẹ̀bi náà kò sí lọ́rùn àwọn ọ̀dọ́ tó ń sá tẹ̀lé orúkọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó yẹ kó kọ́ wọn níṣẹ́ ló ní ìbéèrè láti dáhùn.

Ohun tí àwọn sọ́fítíwíà wọ̀nyí ń ṣe kò ṣòro láti ṣàlàyé. Bí olùkọ́ ẹni ọdún 35 kan ní Òṣogbo bá ra adójútòfò ẹ̀mí ọlọ́dún 20, ilé-iṣẹ́ ti ṣèlérí pé bí ó bá kú kí ọdún 20 náà tó pé, ẹbí rẹ̀ yóò gba iye owó kan. Oṣù 240 ló wà nínú ọdún 20. Ní oṣù kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà yóò béèrè àwọn ìbéèrè kan náà. Báwo ló ti ṣeé ṣe tó pé olùkọ́ yìí yóò kú ní oṣù yìí? Báwo ló ti ṣeé ṣe tó pé yóò dáwọ́ owó sísan dúró? Èlé wo ni owó tó ti san ń mú wá níbi tí wọ́n fi í sí, èló sì ni ìtọ́jú ìwé rẹ̀ ń ná ilé-iṣẹ́? Yóò ṣe ìṣirò yìí fún oṣù 240, yóò ṣe irú rẹ̀ fún 100,000 oníbàárà mìíràn, yóò sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àpapọ̀ náà ló ń sọ iye tí ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní nílẹ̀ lónìí kí ìlérí rẹ̀ má baà di irọ́ lọ́la. Ohun tí Prophet àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi kún un ni ìyára, àti ètò tó ń jẹ́ kí ẹlòmíràn lè yẹ iṣẹ́ náà wò. Ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́ àti ìkejì kò sí nínú wọn. Ènìyàn ló gbọ́dọ̀ gbé e sí i.

Iṣẹ́ yìí sì ti dàgbà ju kọ̀ǹpútà lọ. Ní ọdún 1693, Edmond Halley, onímọ̀ nípa ìràwọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba àkọsílẹ̀ ìbí àti ikú àwọn ará Breslau, ìlú tó ń jẹ́ Wrocław ní Poland lónìí, ó sì fi ṣe àtẹ tó ń fi hàn iye ènìyàn tó ń kù láyé ní ọjọ́-orí kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, James Dodson, olùkọ́ ìṣirò ní London, fẹ́ wọ ẹgbẹ́ adójútòfò ẹ̀mí tó ń jẹ́ Amicable, wọ́n sì kọ̀ fún un nítorí pé ó ti lé ní ẹni ọdún 45. Dodson kò bínú lásán. Ó jókòó, ó sì ṣírò bí ènìyàn ṣe lè ta adójútòfò fún onírúurú ọjọ́-orí, kí owó tí olúkúlùkù ń san bá ewu rẹ̀ mu. Ó kú ní ọdún 1757, kí ilé-iṣẹ́ tó jáde láti inú èrò rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1762. Equitable ni wọ́n pe ilé-iṣẹ́ náà, òun náà ló sì kọ́kọ́ pe òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní actuary. Gègé àti tàdáwà ni sọ́fítíwíà tiwọn.

Ìdí tí orúkọ sọ́fítíwíà fi wá di ohun tí wọ́n ń béèrè tó báyìí kò fara sin. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2016, òfin Solvency II bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Yúróòpù. Ó ní kí ilé-iṣẹ́ adójútòfò ṣírò ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí òun bí ọdún burúkú bá dé, irú èyí tí wọ́n ń retí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárín ọdún 200. Nígbà tó di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2023, ìlànà ìṣirò owó àgbáyé tó ń jẹ́ IFRS 17 dé, Nàìjíríà náà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó gbà á. Ìlànà yìí kò jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ ka owó oníbàárà sí èrè lọ́jọ́ tó gbà á; díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa kà á, bí ó ti ń ṣe iṣẹ́ tó tìtorí rẹ̀ gbowó. Èyí dára fún ẹnikẹ́ni tó fẹ́ mọ òtítọ́ nípa ilé-iṣẹ́ kan, ṣùgbọ́n ìṣirò tó bá a wá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ fíìfíì. Ìwé owó sì ní ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ jáde. Ọ̀gá tó ní ọ̀sẹ̀ 3 láti parí ìṣirò kò fẹ́ ẹni tí yóò fi oṣù 3 kọ́ ibi tí bọ́tìnnì wà. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n ló ń wá, ó sì ṣetán láti san owó gidi fún un. Lásìkò tí IFRS 17 ń bọ̀, ẹni tó mọ Prophet dáadáa ní Britain lè fi iṣẹ́ olóṣù sílẹ̀ kí ó máa gba owó ojoojúmọ́ láti ilé-iṣẹ́ kan sí òmíràn. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi àǹfààní yìí ṣe yẹ̀yẹ́.

Apá kejì ọ̀rọ̀ ni kì í sí nínú ìkéde. Ilé-iṣẹ́ tó gba ènìyàn nítorí sọ́fítíwíà yóò fi í sídìí sọ́fítíwíà. Ní ọdún kìn-ín-ní, yóò máa kó dátà wọlé, yóò tẹ bọ́tìnnì, yóò dúró de èsì títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, yóò sì gbé èsì náà síwájú ọ̀gá. Ní ọdún karùn-ún, bí kò bá ṣọ́ra, ohun kan náà ni yóò ṣì máa ṣe, pẹ̀lú owó oṣù tó fi díẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Nígbà tí ìgbìmọ̀ olùdarí bá ń béèrè ìdí tí owó ìpamọ́ fi lọ sókè láàárín oṣù 6, ẹlòmíràn ni wọn yóò pè wọlé láti dáhùn. Òun yóò wà níta, nítorí ẹni tó mọ ẹ̀rọ ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Irú wọn wà tó ti yege gbogbo ìdánwò tán, tí orúkọ sọ́fítíwíà kan ṣoṣo sì ti di orúkọ àpèlé wọn. Bí ilé-iṣẹ́ bá wá pa sọ́fítíwíà náà tì, bí ó ti máa ń ṣẹlẹ̀, wọn yóò dà bí àlejò nílé ara wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó mọ ìdí ìṣirò lè kọ́ sọ́fítíwíà mìíràn láàárín oṣù mélòó kan. Orúkọ tí wọ́n fún àwọn ohun inú rẹ̀ ló yàtọ̀. Ikú, èlé àti owó ìtọ́jú kò yàtọ̀. Ẹni tó mọ ọkọ̀ Toyota í wà kì í padà sílé ẹ̀kọ́ nítorí pé wọ́n gbé Honda fún un. Agbanisíṣẹ́ tó bá kọ ọ́ sínú ìkéde pé ọdún 5 lórí sọ́fítíwíà kan pàtó jẹ́ dandan ń lé awakọ̀ gidi dànù nítorí àmì tó wà níwájú ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ Nàìjíríà gba àlàyé tirẹ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014, bíi ti 2004 tó ṣáájú rẹ̀, ní kí agbanisíṣẹ́ ra adójútòfò ẹ̀mí fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, iye rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ dín ní ìlọ́po 3 àpapọ̀ owó tí òṣìṣẹ́ ń gbà lọ́dún. Òfin kan náà fàyè gba òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì láti fi owó inú àpò ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ra annuity lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò ẹ̀mí, kí wọ́n máa san owó fún un títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ní ọdún 2025, Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu òfin tuntun tó ṣe àtúntò iṣẹ́ adójútòfò, tó sì gbé owó ìdókòwò tó kéré jù lọ fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò ẹ̀mí láti bílíọ̀nù 2 náírà lọ sí bílíọ̀nù 10. Owó ń wọlé, ìlérí ń pọ̀ sí i, àwọn tó lè ṣírò ìlérí náà kò sì pọ̀.

Ohun tó rọrùn jù fún ilé-iṣẹ́ tó bá wà nírú ipò bẹ́ẹ̀ ni kí ó gbé ìṣirò náà fún àwọn agbaninímọ̀ràn tó ní sọ́fítíwíà àti ènìyàn, nílé tàbí lókè òkun. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn. Dọ́là kan tí wọ́n ń fi nǹkan bí 460 náírà rà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Òkúdù ọdún 2023 ti kọjá 1,500 náírà kí ọdún 2024 tó parí, ẹrù wúwo sì ni sọ́fítíwíà tí wọ́n ń fi dọ́là díye lé fún ilé-iṣẹ́ tí náírà ń wọlé fún. Ṣùgbọ́n bí ìṣirò bá ń jáde lọ lọ́dọọdún, ìrírí ń bá a jáde. Ọ̀dọ́ tó wà nínú ilé-iṣẹ́ ní Marina yóò máa kó dátà jọ, yóò fi ránṣẹ́, yóò sì dúró de ìwé ìdáhùn. Lẹ́yìn ọdún 4, òun náà yóò kọ̀wé wá iṣẹ́ síbòmíràn, wọn yóò sì bi í léèrè pé ọdún mélòó ló ti fi lo Prophet.

Ohun tó ti lò ni Excel, ojú sì máa ń tì í láti sọ bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kó tì í. Excel kì í fi egungun ìṣirò pamọ́. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ to adójútòfò ọlọ́dún 20 sórí rẹ̀, ìlà 240, oṣù kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, ti rí ohun tí ẹni tó ń tẹ bọ́tìnnì lè má rí títí láé. Ó ti rí ìgbà tí owó tó ń wọlé ju èyí tó ń jáde lọ, ó ti rí oṣù tí ọ̀rọ̀ yí padà, ó sì ti rí bí ìyípadà kékeré nínú èlé ṣe ń mi gbogbo ilé náà láti ìpìlẹ̀. Àléébù Excel náà kò kéré. Ọwọ́ kan lè ṣèèṣì pa fọ́múlà rẹ́ ní ìlà 117, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀ títí ọdún yóò fi yípo, kò sì ṣe é gbé 100,000 oníbàárà kà láìmí hẹlẹ. Ibi tí àwọn sọ́fítíwíà olówó ńlá ti dára nìyẹn: wọ́n ń tọ́jú ìtàn ẹni tó yí nǹkan padà àti ọjọ́ tó yí i padà, ọwọ́ kò sì ṣe é ṣèèṣì kan ohun tí kò yẹ kó kàn.

Àárín méjèèjì ni R àti Python wà. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n. Ẹgbẹ́ Institute and Faculty of Actuaries ní Britain, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ń ṣe ìdánwò rẹ̀, ti fi R sínú ìdánwò CS1 àti CS2 láti ọdún 2019, ó sì fi Excel sínú CM1 àti CM2. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni lè gba lifelib, àkójọ àwòṣe adójútòfò ẹ̀mí tí wọ́n fi Python kọ, láìsan kọ́bọ̀. Ó lè tú u palẹ̀, kí ó wo bí wọ́n ṣe tò ó, kí ó sì tún un tò fún ọjà Nàìjíríà. Ọ̀dọ́ tó bá gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, tó sì lè dáhùn ìbéèrè lórí ìlà kọ̀ọ̀kan rẹ̀, ti gbé ohun tó ju ìwé-ẹ̀rí ọlọ́sẹ̀ kan lọ wá. Bí agbanisíṣẹ́ ní London kò bá rí i, bóyá ẹni tó ń ka ìwé ìbéèrè-iṣẹ́ níbẹ̀ kò mọ ju orúkọ sọ́fítíwíà tí wọ́n kọ fún un lọ.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ yìí ti kan arúgbó tí kò gbọ́ orúkọ Prophet rí. Ẹni tó bá ṣí ìròyìn owó ọdọọdún àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ẹ̀mí kan ní Nàìjíríà, tó sì ní sùúrù láti ka àwọn ojú-ewé ẹ̀yìn, yóò rí orúkọ àtẹ ikú tí wọ́n fi ṣe ìṣirò. A67/70 ni yóò rí níbẹ̀. Fún àwọn tó ń gba annuity, yóò rí PA(90). Inú ikú àwọn tó ní adójútòfò ẹ̀mí ní Britain láàárín ọdún 1967 sí 1970 ni A67/70 ti jáde. Inú ikú àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì Britain ní àkókò kan náà ni wọ́n ti fa PA(90) yọ. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò gbé ní Ṣàgámù rí. Wọn kò wọ ọkọ̀ ní òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, ibà kò dá wọn dùbúlẹ̀ lọ́dọọdún, iná kì í kú mọ́ dókítà wọn lórí níbi iṣẹ́ abẹ. Àwọn ọdún tí wọ́n ń ka òkú tiwọn gan-an ni ogun abẹ́lé ń jà ní Nàìjíríà, tí ẹnikẹ́ni kò ka òkú tirẹ̀ pé.

Ẹ̀wù àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn: bí kò bá fún ni lápá, á ṣo ni lọ́rùn. Àwọn aṣèṣirò ewu mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gé àtẹ náà níhìn-ín, tí wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, bíi télọ̀. Èló ni kí wọ́n gé? Prophet kò mọ̀. Iyekíye tí wọ́n bá gbé fún un ni yóò gbà, yóò sì ṣírò rẹ̀ dé orí kọ́bọ̀ láìjanpata. Ẹni tó lè sọ iye tó yẹ ni ẹni tó ti ka ìwé ikú àwọn oníbàárà ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó mọ iye tó kú nínú àwọn ẹni ọdún 60 sí 65, tó sì lè fura sí àwọn tó ti kú tí ẹbí wọn kò tíì wá sọ. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Irú àkísà yìí ni ìkéde iṣẹ́ kì í béèrè.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn tó ń dáwọ́ owó sísan dúró. Ní ọdún 2024, ọ̀wọ́ngógó kọjá ìdá 30 nínú 100 ní Nàìjíríà. Ìdílé tó bá ń wá owó gààrí kò ní rántí ìwé adójútòfò tó wà nínú àpótí. Alájọ tó ń gba owó ojoojúmọ́ ní ọjà Bódìjà mọ èyí láìka ìwé: ojú oníṣòwò ló ń wò, ó sì ti mọ ẹni tí kò ní san lọ́la. Aṣèṣirò ewu tí kò bá àwọn tó ń ta adójútòfò ní ọjà sọ̀rọ̀ rí yóò gbé ìdá 5 nínú 100 sínú àwòṣe rẹ̀ nítorí pé ìdá 5 ló bá níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí àwọn tó dúró jẹ́ ìdá 20, kí ó sì jẹ́ pé àwọn tó ń ṣàìsàn nìkan ló tẹra mọ́ owó wọn.

Owó gidi ni àṣìṣe níbí. Bí òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì kan bá gbé mílíọ̀nù 12 náírà lé ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́ ní ẹni ọdún 60, tí wọ́n sì ṣèlérí láti máa fún un ní 120,000 náírà lóṣooṣù, bí ó bá kú ní ẹni ọdún 70, mílíọ̀nù 14.4 ni wọ́n ti san. Bí ó bá pé ẹni ọdún 90, mílíọ̀nù 43.2 ni. Èlé tí wọ́n bá rí lórí owó rẹ̀, àti owó tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ àwọn tó tètè kú, ni yóò dí àlàfo náà. Ilé-iṣẹ́ tó bá rò pé àwọn oníbàárà òun yóò tètè kú, tí wọn kò sì kú, ń jẹ owó tí kò sí. Ẹni ọdún 82 tí wọ́n bá sọ fún pé owó ti tán kò lè padà sẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ilé-iṣẹ́ tó bá sì rò pé wọn yóò pẹ́ láyé bíi ti ará Britain, tí kò rí bẹ́ẹ̀, ń fún arúgbó ní owó oṣù tó kéré ju ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ̀.

Equitable, ilé-iṣẹ́ ọdún 1762 yẹn, tó ti kọ́ ayé ní ìṣirò ewu, fẹnu ara rẹ̀ jẹ irú nǹkan báyìí. Títí di ọdún 1988, ó ta ìwé ìfẹ̀yìntì tó ṣèlérí pé annuity oníbàárà kò ní wálẹ̀ ju iye kan lọ. Èlé ga nígbà náà, ó sì jọ pé ìlérí yẹn kò ní ná wọn ní nǹkan kan. Ní àwọn ọdún 1990, èlé wálẹ̀, ẹ̀mí sì ń gùn sí i. Wọ́n gbìyànjú láti dín èrè tí wọ́n ń pín fún àwọn tó bá di ìlérí náà mú, House of Lords, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Britain lásìkò náà, sì dá wọn lẹ́bi ní oṣù Agẹmọ ọdún 2000. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ oníbàárà tuntun. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ni wọn kò ní. Wọn kò ka ìlérí tí àwọn ìṣáájú wọn ti ṣe sí gbèsè gidi, wọn kò sì fi owó tó tó pamọ́ dè é.

Nítorí náà, bí ilé-iṣẹ́ adójútòfò ẹ̀mí ní Nàìjíríà bá ń gbé ìṣirò rẹ̀ síta, kí ó kọ ọ́ sínú àdéhùn pé òṣìṣẹ́ òun kan tàbí méjì yóò jókòó ti àwọn agbaninímọ̀ràn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn yóò sì tún ìṣirò apá kan ṣe fúnra wọn lórí R tàbí Excel kí wọ́n tó gba èsì. Èyí kò béèrè dọ́là. Àjọ NAICOM, tó ń gba àwọn ìwé ìṣirò wọ̀nyí yẹ̀ wò, lè béèrè pẹ̀lú ìdí tí wọ́n fi gé àtẹ ikú síbi tí wọ́n gé e sí, kí ó sì kọ ìdáhùn tó bá ní pé bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn. Ibi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà lè yí padà. Dípò kí wọ́n béèrè ọdún tí ọ̀dọ́ ti fi lo sọ́fítíwíà, kí wọ́n fún un ní àkọsílẹ̀ 500 oníbàárà tí àṣìṣe wà nínú rẹ̀: ẹni tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ nítorí pé kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i, ẹni tó ń gba owó ní ẹni ọdún 117, ìyàwó tó dàgbà ju ìyá rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá rí àwọn àṣìṣe yìí, tó sì lè sọ èló ni ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ná ilé-iṣẹ́, yóò kọ́ Prophet ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá rà á.

Àkọsílẹ̀ àwọn tó ti ra annuity láti ìgbà tí òfin ìfẹ̀yìntì ti ṣílẹ̀kùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ta á fún wọn: ọjọ́-orí tí wọ́n fi wọlé, owó oṣù wọn, ọjọ́ tí sísan dúró. Kò sí ilé-iṣẹ́ sọ́fítíwíà kan láyé tó lè tà á fún wọn. Ẹni ọdún 24 kan tó yege CS2, tó ní kọ̀ǹpútà alágbèéká àti oṣù 6, lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi àkọsílẹ̀ náà wo bí àtẹ àwọn ará Britain ṣe jìnnà sí àwọn arúgbó tiwọn tó. Kí ọ̀gá rẹ̀ fún un ní kọ́kọ́rọ́ yàrá fáìlì ló kù.